Ta Ló Ń Fún Wọn Lóhùn?

Iṣẹ́ tèmi nínú ẹgbẹ́ akọrin wa kì í pẹ́ tó kéèyàn sín, àmọ́ iṣẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. A kì í lu nǹkan kan. Kò sí dùùrù, kò sí gìtá, kò sí ìlù. Ẹnu wa lásán la fi ń yin Olúwa láti ìlú dé ìlú. Torí náà, kí Aṣáájú tó gbé orin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ibi tí orin yóò ti gbéra hàn wá. Màá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, màá pa ẹnu dé, màá sì kùn ún jẹ́jẹ́: “Hùùmm.” Oníkálùkù á mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sókè á gòkè, ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, orin á sì bọ́ sójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Ohùn. Mi ò bí ẹnì kankan nínú wọn o. Àbúrò mi obìnrin nìkan ni mo tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, òun náà sì wà nínú ẹgbẹ́ yìí, òun ló ń kọ ohùn tó tẹ̀ lé tèmi.

Bí mo bá gbé ohùn sókè jù, ọ̀fun Aṣáájú á ya kó tó dé ẹsẹ kejì. Bí mo bá gbé e sísàlẹ̀ jù, Kòtò á wọlẹ̀, a ò ní rí i mọ́. Kòtò ni ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ wa. Ọkùnrin gbàǹgbà ni, ohùn rẹ̀ sì jìn débi pé bó bá ń kí ẹ káàárọ̀, ṣíbí á máa gbọ̀n nínú ife tíì. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tó ń kọ ohùn òkè ló kù, àti Awakọ̀, tí kì í kọrin rárá ṣùgbọ́n tó mọ ẹ̀bi gbogbo wa. Ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Bọ́ọ̀sì wa kò gba èrò ọ̀fẹ́: àga kan, iṣẹ́ kan. Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́ á padà sílé. Òfin Aṣáájú nìyẹn, kò sì burú. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé èmi ò nílé tí mo fẹ́ padà sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti dá kọ́kọ́rọ́ yàrá mi padà fún onílé, gbogbo ohun tí mo ní sì wà nínú àpò kan lábẹ́ àga bọ́ọ̀sì.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ó dá mi dùbúlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ, lẹ́yìn náà ó fi mí sílẹ̀, ara mi sì yá. Ṣùgbọ́n ayé kò dún bó ṣe máa ń dún mọ́. Họ́ọ̀nù bọ́ọ̀sì wa, tí mo lè mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún họ́ọ̀nù, wá ń ké bíi ti ọkọ̀ ẹlòmíì. Mo bi Awakọ̀ bóyá ó ti pààrọ̀ rẹ̀.

“Ìyá Ohùn,” ó ní, “bíréèkì tó lè pa wá ni mi ò tíì pààrọ̀, ẹ wá ń béèrè họ́ọ̀nù.”

Mo gbà pé irọ́ ló ń pa fún mi. Mo tún fi ọ̀rọ̀ bíréèkì kún ohun tí mò ń ronú lé lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan, nínú ilé ìjọsìn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí òórùn ọ̀dà ṣì wà lára àwọn àga, mo gbé ohùn kalẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbé e kalẹ̀. Àwọn èèyàn mi bẹ̀rẹ̀ orin lókè ibi tí mo gbé e sí. Kò jìnnà, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀. Mo fò mọ́ wọn kí ojú má baà ti ẹgbẹ́, mo rò pé ayọ̀ ló gbé wọn lọ. Bá a ṣe jáde báyìí, mo dojú kọ Kòtò.

“Kòtò, kí lò ń wá lókè? Àkàbà ni wọ́n gbé fún ẹ ni?”

Kòtò wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀bi mi ni.”

Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ rú mi lójú. Kòtò kì í jẹ̀bi. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, á bi ẹ́ pé kí ni ẹsẹ̀ ẹ ń wá níbẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo ti ká ọwọ́ aṣọ mi, ọkùnrin yìí wá ń bẹ̀ mí.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn láti ìlú kan sí òmíràn. Màá gbé ohùn kalẹ̀ síbí, orin á gbéra lọ́hùn-ún. Mo bá àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jà, mo ní wọ́n ń sáré bí ẹni tí ẹran sá mọ́ lọ́wọ́. Mo bá Aṣáájú jà. Nígbà tí èèyàn tán nílẹ̀, mo bá òrùlé jà, mo ní páànù rẹ̀ ló ń gbé ohùn sókè. Gbogbo wọn ṣáà ń bẹ̀ mí. Wọ́n ń fún mi lágà iwájú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà fọ aṣọ mi láìjẹ́ pé mo rán an. Àbúrò mi, tó jẹ́ pé apá òsì mi ló máa ń dúró sí látọjọ́ tá a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kó wá sí apá ọ̀tún. Ó ní iná ń gún òun lójú ní apá ibẹ̀. Mo ní kó lọ rí dókítà ojú.

Nígbà tó sú mi, mo pinnu láti dán wọn wò. Nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, lójú gbogbo àwọn òbí àtàwọn tíṣà, mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohùn sísàlẹ̀ pátápátá, síbi tí Kòtò fúnra rẹ̀ ì bá ti nílò ṣọ́bìrì. Mo ní ẹ jẹ́ ká wò ó. Orin gbéra. Ó dúró ṣánṣán, ẹnikẹ́ni kò wá ohùn kiri, Aṣáájú ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn òbí. Mo lanu, mi ò lè pa á dé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹnu lílà ni iṣẹ́ wa, wọn ì bá ti mọ̀.

Inú yàrá kan náà lèmi àti àbúrò mi máa ń sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń ká ìborí rẹ̀ létí ibùsùn, mo bi í.

“Orin àná, báwo ló ṣe rí létí ẹ?”

“Ó dùn, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ohùn tí mo fún yín ńkọ́?”

“Ó wà níbi tó yẹ kó wà.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì, kó má tutù.”

Ẹ wá wo ìdààmú. Ọmọ tí mo kọ́ lórin kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ló sọ fún mi pé ibi tó yẹ ni mo gbé ohùn sí, èmi tí mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sínú kànga. Ṣé ohun tí mo rò pé mo gbé sísàlẹ̀ kò sí nísàlẹ̀ ni? Ṣé ẹnu mi ń ṣe tirẹ̀, etí mi ń gbọ́ tirẹ̀? Àbí Olúwa ló ń tún un ṣe lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Mo rò ó sókè, mo rò ó sísàlẹ̀, tíì mi tutù. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Bó bá jẹ́ etí mi ni, a jẹ́ pé mi ò níṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì yẹn mọ́.

Mo sọ fún àbúrò mi pé mo fẹ́ lọ ra abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Ọ̀dọ̀ dókítà etí ni mo gbà lọ. Ọmọdébìnrin kan ni, ó lè jẹ́ ọmọ mi. Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ rí múlọ́múlọ́, ó dé nǹkan mọ́ mi létí méjèèjì, ó sì ní òun á fi ohùn sí etí òsì, kí n kùn ún bí mo bá ṣe gbọ́ ọ. Mo kùn ún. Ó ní òun á fi sí etí ọ̀tún. Mo kùn ún. Ó wò mí, ó tún un ṣe. Èmi náà tún un ṣe.

“Mà, ohùn kan náà ni mo fi sí etí méjèèjì o,” ó ní.

“Rárá,” mo ní. “Ti apá ọ̀tún ga ju ti òsì lọ.”

“Ohùn kan náà ni, mà.”

“Ọmọ mi, iṣẹ́ mi ni mò ń sọ yìí. Ìyá Ohùn ni wọ́n ń pè mí.”

Ó yí ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ mi kí n fojú ara mi rí i. Ó ní ibà yẹn ti ba nǹkan jẹ́ nínú etí ọ̀tún mi, gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé á máa dún sókè ju bó ṣe rí lọ, ohùn jẹ́jẹ́ kò sì ní máa wọ ibẹ̀ dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ń gbé ohùn mi sísàlẹ̀ kó lè bá èyí tó wà nínú orí mi mu. Ó lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà mọ́ láéláé. Mo béèrè bí mo bá fi òwú dí i ńkọ́. Ó ní bí mo bá dí i, ohùn ara mi á tún máa ké sí i nínú rẹ̀ ni, torí inú egungun orí ni ohùn ẹni ń gbà débẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lójú ọ̀nà síbẹ̀síbẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Kí ọ̀rọ̀ dókítà tó yé mi tán, òmíràn ti gbà mí lọ́kàn. Ó dáa, etí mi bàjẹ́. A jẹ́ pé ohùn burúkú ni mo ti ń fún àwọn èèyàn yìí látìgbà ibà. Kí ló wá dé tí orin wọn ń dára? Ta ló ń fún wọn lóhùn?

Ọjọ́ kejì, a kọrin nínú ilé ìjọsìn ńlá kan tó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú. Aṣáájú kí ìjọ tán, ó yíjú sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo pa ẹnu dé. Mi ò sì kùn. Kò sí nǹkan kan tó jáde lára mi, èémí gan-an mo mú un dání. Mo kàn yí orí, mo gbé etí òsì mi, èyí tó dáa, sí apá ọ̀tún. Mo gbọ́ ọ. “Hùùmm.” Ó kéré, imú ló ń gbà jáde, ètè rẹ̀ kò mì. Àbúrò mi ni. Lẹ́ẹ̀kan náà orin dìde lẹ́nu gbogbo wọn, ó kún ilé náà dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn èèyàn ń ké Halelúyà, ìyá àgbàlagbà kan níwájú ń nàka sí mi fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé obìnrin tó gbọ́wọ́ sókè yẹn ló ń ṣe é. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Ojú tì mí ju bó ṣe máa tì mí ká ní orin náà bàjẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Awakọ̀ dúró lábẹ́ igi kan létí títì ká lè jẹ búrẹ́dì. Mo dúró dìgbà tí ẹnu gbogbo wọn kún.

“Àná, mi ò fún yín lóhùn,” mo ní. “Mo kàn gbé ọwọ́ sókè ni. Ta ló fún yín?”

Ẹnikẹ́ni kò jẹun mọ́. Aṣáájú wo àbúrò mi, àbúrò mi wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

“Mo ti sọ fún wọn pé ẹ máa mọ̀.”

“Ìwọ náà mọ̀?”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, Ìyá Ohùn. Ẹ ti ń bá họ́ọ̀nù mi jà.”

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo padà dé láti orí ibùsùn ibà, ohùn tí mo fún wọn wọlẹ̀ débi pé Aṣáájú fi ikọ́ bo ara rẹ̀ láṣìírí lórí pèpéle. Wọ́n fẹ́ sọ fún mi. Òun ló kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ, pé òun ti rí i pé mi ò gbọ́ ìpè jẹ́jẹ́ lápá ọ̀tún mọ́, òun á máa fún wọn láti ibẹ̀ títí etí mi á fi padà bọ̀ sípò.

“O sọ mí di òmùgọ̀ níwájú Ọlọ́run,” mo ní. “Ìlú wo la dé tí o ò ti sọ mí di òmùgọ̀?”

“Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà sílé. Ilé wo?” Ó nu imú. “Ẹ̀yin náà, bọ́tìnnì lẹ ní ẹ fẹ́ lọ rà. Bọ́tìnnì náà dà?”

Kò sí bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: Kòtò bú sẹ́rìn-ín, gíláàsì bọ́ọ̀sì sì gbọ̀n. Mo yíjú sí i. Gbogbo èébú tí mo ti bú ọkùnrin yẹn láti ìlú dé ìlú padà sọ́kàn mi, pẹ̀lú gbogbo “ẹ má bínú” tó sọ.

“Gbogbo ìgbà tí mo ní ò ń gòkè, ṣé ò ń gòkè?”

“Rárá, mà.”

“Kí ló dé tó ò sọ?”

“Ara yín ò tíì yá, mà,” ó ní. Ó tún bu búrẹ́dì jẹ.

Aṣáájú tún ọ̀fun ṣe. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí mo ṣe ń rò ó. Àwọn ìjọ ti mọ̀ mí, wọ́n fẹ́ràn bí mo ṣe ń gbé ọwọ́ sókè. Kí n ṣáà máa gbé e. Àbúrò mi á máa kùn ún, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, àga mi á sì wà níbi tó wà. Gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n fẹ́ràn mi, mo rí i. Wọ́n sì ti fi mí sórí àga bí àwòrán òkú. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Awakọ̀ tan ọkọ̀, a ń lọ.

Gbọ̀ngàn tá a dé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kéré, àga onírin ló kún inú rẹ̀. Títí Aṣáájú fi kí ìjọ tán, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó yíjú sí mi. Àbúrò mi ti wà lápá ọ̀tún mi, mo gbọ́ bó ṣe ń fa èémí sínú. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ kọ̀. Mo ronú kan ìyá àgbàlagbà yẹn tó ń nàka sí mi. Ni mo bá di ọrùn ọwọ́ àbúrò mi mú, mo gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, mo sì fà á síwájú síbi tí mò ń dúró sí.

“Kùn ún síta,” mo ní. “Káyé gbọ́.”

Ohùn rẹ̀ kò kọ́kọ́ jáde. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu rẹ̀, ó gbé ohùn kalẹ̀ gbangba, orin sì gbéra.

Èmi náà ní láti wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mi ò tíì rò dé. Etí òsì mi ní ibí ni, etí ọ̀tún mi ní ibẹ̀ kọ́, ohùn méjèèjì ń jà nínú orí mi, orin tí mo ti kọ láti kékeré wá kan bí ọsàn tí kò pọ́n. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe dùn mọ́ mi létí, màá ba ti gbogbo wọn jẹ́. Mò ń wo ẹnu àbúrò mi, mò ń gbé ohùn mi sókè sí i, síbi tí gbogbo ara mi ń sọ pé kò yẹ kó wà, mo sì ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo wà lára wọn àbí mi ò sí. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò nàka sí mi.

Nígbà tá a padà sínú bọ́ọ̀sì, mo lọ jókòó lẹ́yìn, mò ń dúró de ẹni tó máa wá sọ fún mi pé mo gbìyànjú. Mo ti mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn, kò sì dáa. Kòtò ló wá. Ó jókòó, àga ké.

“Ìyá Ohùn,” ó ní, “ẹ wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lónìí o. Níbi ẹsẹ kẹta, ẹ wọlẹ̀ gan-an. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí lọ́wọ́ wọlẹ̀.”

Àbúrò mi yíjú padà níwájú, ó ranjú mọ́ Kòtò. Omijé bọ́ lójú mi, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kíákíá. Láti ọjọ́ ibà, ẹnì kankan kò tíì bá mi wí.

“Níbo?” mo bi í. “Kọ ọ́ kí n gbọ́.”

Ó gbé ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, síbi tí ohùn tèmi yẹ kó wà, ó kọ ọ́ fún mi. Mo kọ ọ́ tẹ̀ lé e.

“Ẹ ṣì kéré,” ó ní. “Ẹ gòkè díẹ̀.”

Mo gòkè díẹ̀.

“Díẹ̀ sí i. Ẹ dúró. Ó ti bọ́ síbẹ̀.”

Létí tèmi, ó burú jáì. Mo tún un kọ.